Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Mú Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Wọ Sáìtì Ìkọ́lé

Ní sáìtì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan kí gbogbo wa lè máa rí àwòrán tuntun lójú ẹsẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni wọ́n tì í mọ́, ọ̀rá tó bá a dé kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Níta, fọ́máànù ń wo bébà tó ti ń ya lójú ìṣẹ́po, èyí tó máa ń ká sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, òun ló fi ń darí àwọn tó ń di irin. Àwòrán yẹn ti yí padà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú: wọ́n ti sún ihò tí páìpù máa gbà la ògiri kọnkéré kọjá. Àyípadà ọ̀hún wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí kọnkéré ti gan, tí pulọ́ńbà gbé páìpù dé, la tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi gbẹ́ ògiri tuntun.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo bí àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe ń náwó sórí ẹ̀rọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń rò, wọn kì í ro ọwọ́ tó máa lò ó.

Ẹ má rà á kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa lò ó

Inú ọ́fíìsì ni ẹni tó ń sanwó ẹ̀rọ sábà máa ń jókòó sí. Kò fi ìbọ̀wọ́ tó kún fún sìmẹ́ǹtì tẹ fóònù rí. Kò mọ̀ pé bí oòrùn ọ̀sán bá mú, a kì í rí nǹkan kan lójú fóònù mọ́, kò sì mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Áàpù tí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má náwó lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ fún ikọ̀ kékeré kan, fọ́máànù kan àti èèyàn mẹ́rin márùn-ún, kí wọ́n lò ó fún oṣù kan. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti pòṣé ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ máa dí àlàfo òṣìṣẹ́

Òótọ́ ni pé ọwọ́ ò tó mọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́ ń fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ò sì pọ̀ tó. Òótọ́ sì ni pé iṣẹ́ wa ń falẹ̀: lọ́dún 2017, McKinsey, ilé iṣẹ́ tó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn, sọ pé láàárín 20 ọdún, ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń jáde lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún, nígbà tí ti ọrọ̀ ajé àgbáyé lápapọ̀ jẹ́ 2.8. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ mọ nọ́ńbà yìí sórí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé SAM100, róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti máa to bíríkì, ṣì ń fẹ́ bíríkìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa gé sìmẹ́ǹtì tó bá yọ síta, tí yóò sì to igun ilé. Dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, lè wọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilẹ̀ ló máa sọ bóyá iyẹ̀pẹ̀ náà ṣeé fi kún ìpìlẹ̀.

Ẹ má ti àgbà oníṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Èyí ló ká mi lára jù. Mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí àgbà bíríkìlà lójú pé, "Bàbá, ẹ fi èyí sílẹ̀, àwọn ọmọdé ló máa mọ̀ ọ́n." Bàbá dákẹ́, kò sì tún dá sí ọ̀rọ̀ sáìtì yẹn mọ́.

Inú BIM, ìyẹn kíkọ́ ilé tán lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú irin, páìpù àti wáyà rẹ̀, kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ni ìjàǹbá èyí ti ń hàn jù. Ọ̀dọ́ kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú wa. Páìpù ò kan wáyà, wáyà ò kan bíìmù, kọ̀ǹpútà ní kò sí ìṣòro. Àgbà pulọ́ńbà kan wò ó fìrí, ó ní: "Ibo ni sípánà máa gbà?" Àlàfo tó wà láàárín páìpù àti ògiri ò ju ìka méjì lọ. Ọwọ́ kankan ò lè wọ ibẹ̀ láti dè é.

Ẹ mú àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà. Kí ọ̀dọ́ máa tẹ̀ ẹ́, kí àgbà máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́

Singapore ti ń fi dandan gba àwòrán BIM fún ilé tuntun tí àpapọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ bá tó 5,000 mítà níbùú lóròó láti 2015. Lọ́dún 2016, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ di dandan fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn. Nígbà tí irú òfin báyìí bá dé, ilé iṣẹ́ á sáré gba ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n lò, wọ́n á fún un ní yàrá, ó parí. Ọjọ́ tó bá rí iṣẹ́ tó sàn jù, ó lọ nìyẹn. Fáìlì mẹ́fà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà á wà nílẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ojúlówó. ISO 19650, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìwífún iṣẹ́ ìkọ́lé, tó jáde lọ́dún 2018, wúlò fún èyí: ó ní kí a kọ ẹni tó ni ìwífún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ojúkò kan tí gbogbo èèyàn ti máa mú un.

Àwọn kéékèèké tó ń ba nǹkan jẹ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán kan kò tó, pàápàá bó bá jẹ́ pé èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ò gbọ́ lẹ fi ṣe é. Ẹ má sì ní kí fọ́máànù kọ ohun kan náà sórí bébà àti sórí fóònù. Fóònù ló máa kọ́kọ́ pa tì.

Bí ẹ bá fi GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, sára akoto, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wò àti ẹni tó ń wò ó. Òṣìṣẹ́ tó bá fura pé wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tó lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ máa gbé akoto kọ́ sórí irin, á máa ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú orí òfìfo.

Ní sáìtì wa, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, káfíńtà kan pákó mọ́ra, ó ṣe ìdúró fún tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi ìbòrí sí i nítorí oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé irin ni wọ́n gbé e sí. Láràárọ̀, fọ́máànù á lọ wò ó. Bí àwòrán bá ti yí padà, á gba bébà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, á sì fa ìlà pupa kọjá lójú rẹ̀.