Bí mo ṣe fa ìlà ihò sára bọ́ọ̀lù bowling àbúrò mi

Bowling ni eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lọ wó àwọn igi tó wà lóòró. Bọ́ọ̀lù tí àwọn tó mọ eré náà dunjú ń rà kì í ní ihò tí wọ́n ń ki ìka bọ̀ nígbà tó bá ti inú páálí jáde. Ọwọ́ ẹni tó ra á ni wọ́n máa wọ̀n kí wọ́n tó lu ú, ibi tí wọ́n bá sì lu ihò sí ló ń pinnu bó ṣe máa rìn. Ìdí ni pé kókó kan wà nínú rẹ̀ tí kò rí róbótó. Àmì kékeré tó wà lára bọ́ọ̀lù ló ń fi ibi tí orí kókó náà wà hàn. Pin ni wọ́n ń pè é.

Ojúde Ọba ló gbé àbúrò mi wá sílé l'Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi sàmì sí tuntun yìí kí n tó gbé e fún ẹni tó máa lu ú l'Ékòó." Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé kó gbé ògbólógbòó bọ́ọ̀lù rẹ̀ dání, kó má sì nù ún rárá.

Mo gbé ògbólógbòó síta sínú oòrùn. Òróró tí wọ́n ń fi pa ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń gbà ti fa ìlà yí i ká, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Mo yá téèpù àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àǹtí wa tó ń ránṣọ, mo tọ ìlà àkọ́kọ́, mo sì wá ojú ibi tó jìnnà sí i bákan náà níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni PAP rẹ̀, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí lé bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́, bí ìgbà tí irin gba àárín táyà kẹ̀kẹ́ kọjá. Láti àárín ihò ìka àti ihò àtàǹpàkò, ó jẹ́ ínṣì 5¼ sọ́tùn-ún, ½ sókè. Mo lẹ téèpù funfun mọ́ ọn. Nígbà tó padà s'Ékòó, ó ní kí wọ́n fi fóònù ya fídíò òun láti apá ọ̀tún. Téèpù náà dúró lójú kan, kò mì, ó fi hàn pé ibi tí mo wọ̀n tọ́.

Fídíò yẹn tún fi nǹkan mìíràn hàn mí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sáré ju bó ṣe ń yí lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ni láti ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù dé ibi igi àkọ́kọ́, òróró sì máa ń wà lórí nǹkan bíi 40 àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá sáré jù kì í ráyè yà.

Yípo bọ́ọ̀lù tó ínṣì 27. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 6¾. Tí pin bá wà lórí PAP gan-an, tàbí tó jìnnà sí i tó 6¾, ojú kan náà ni bọ́ọ̀lù á máa fi kan ilẹ̀. Àárín méjèèjì, ìyẹn 3⅜, ló ti máa ń fi ojú tuntun, tí òróró ò tíì kàn, kan ilẹ̀ jù lọ. Àwọn kan ì bá fi sí 3⅜. Èmi fi í sí 4, torí pé tí òróró bá ti gbẹ, 3⅜ á ti lo agbára bọ́ọ̀lù tán kó tó dé ibi igi. Láti pin bọ́ọ̀lù tuntun, mo wọn 4, mo sàmì PAP; láti ibẹ̀ mo sọ̀kalẹ̀ ½, mo ka 5¼ padà sósì, mo rí àárín ihò ìka àti ti àtàǹpàkò. Mo rí i dájú pé pin bọ́ sí ìsàlẹ̀ ihò ìka, kó lè tètè máa yí.

Mo fara balẹ̀ gan-an, torí láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2020 ni USBC, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin bowling l'Amẹ́ríkà, ti fòfin de ihò tí kò sí ìka nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tún ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ṣe tẹ́lẹ̀.

Ihò àtàǹpàkò ni mo tẹnu mọ́ jù fún ẹni tó máa lu ú. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò àbúrò mi ti le gbagidi. Ihò ti ògbólógbòó gbà á jù, ó wá ń fi agbára di bọ́ọ̀lù mú. Ẹni tó bá ń dì í mú bẹ́ẹ̀ ò lè tú u sílẹ̀ dáadáa, kò sí bí ìlà ṣe lè dára tó.

Wọ́n ti lu ú, ó sì ń yà kó tó dé ibi igi. Tí òróró bá ti gbẹ lálẹ́, ògbólógbòó ló ń padà sí, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe jẹ́ kó tà á.