Oṣù Mẹ́rin Tí Ìgò Kékeré Kan Gbà Lọ́wọ́ Mi

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣòfò nítorí ìgò kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sí lára. Títí di òní ni ó ń dùn mí.

Iṣẹ́ tí mo gbé dání nìyí. Bakitéríà inú ilẹ̀ kan ní ìdìpọ̀ jíìnì tó lè ṣe antibáyótíìkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe é nínú láàbù. Mo fẹ́ gbé ìdìpọ̀ náà sínú ìbátan rẹ̀ tí yóò ṣe é. Streptomyces ni àwọn méjèèjì, ìdílé tí a ti rí streptomycin ní 1943, tó tún ń fún ilẹ̀ ní òórùn tí a máa ń gbọ́ bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. M1152 ni mo yàn láti gbà á lálejò. Ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti yọ ìdìpọ̀ jíìnì mẹ́rin kúrò lára rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè ráyè fún ti àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí n yan iṣẹ́ yìí. Ojú abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ kẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n yí oògùn padà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kankan ò ràn án. Ó yè é. Àwọn tó ṣírò ti 2019 sọ pé ènìyàn 1.27 mílíọ̀nù ni irú kòkòrò olóríkunkun bẹ́ẹ̀ pa lọ́dún yẹn, apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló sì burú jù tí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n.

Bí mo ṣe gé jíìnì náà tí mo sì rán an mọ́ plasmid (òrùka DNA kékeré tí a fi ń gbé jíìnì), mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ibi tí mo há sí ni gbígbé e wọlé.

Inú bakitéríà mìíràn, E. coli, ni plasmid náà kọ́kọ́ ń wà kó tó kọjá sínú M1152. E. coli tí gbogbo láàbù ń lò máa ń fi àmì kẹ́míkà kan tí à ń pè ní methyl sára DNA rẹ̀. Bí M1152 bá rí àmì yẹn, ó di ọ̀tá, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nítorí náà ni a fi ń lo ET12567, E. coli tí kì í fi àmì yẹn sí i, pẹ̀lú pUZ8002, plasmid mìíràn, nínú rẹ̀ tó ń ti DNA kọjá. A ó pò ó mọ́ spore M1152, tó dà bí irúgbìn rẹ̀, tí a ti mú gbóná ní 50°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó tẹ́ ẹ sórí àgá sóyà, oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, lọ́jọ́ kejì a ó da apramycin, tó ń pa M1152 tí kò gba jíìnì, àti nalidixic acid, tó ń pa E. coli, lé e. Èyí tó bá hù lẹ́yìn náà ló gba jíìnì.

Ohunkóhun ò hù. Mo tún un ṣe, òfìfo ni. Mo ní bóyá sóyà ni: èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni mo ń lò, mo lọ ra èyí tó lọ́ràá. Mo ní bóyá omi ni, nítorí omi ẹ̀rọ lásán ni ìlànà náà ní ká fi sè é, èmi sì ń lo omi tí a ti sẹ́ kúnnákúnná. Mo yí i. Mo yí ìwọ̀n magnesium. Mo pọn spore tuntun. Ìgbà mọ́kànlá! Owó apramycin nìkan lé ní igba pọ́n-ùn. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì ló gbà mí. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti fi DpnI gé DNA inú E. coli yẹn wò?" DpnI jẹ́ ẹ́ńsáìmù tí kì í gé DNA àyàfi tí àmì methyl bá wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ó gé e pátápátá. Mo gbin ín sórí chloramphenicol, antibáyótíìkì tí ET12567 máa ń yè lórí rẹ̀. Kò hù. Ẹnì kan tó ti kúrò ní láàbù wa ló fi pUZ8002 sínú E. coli lásán, tó sì kọ ET12567 sí i lára. Nítorí pé pUZ8002 ń jẹ́ kó yè lórí kanamycin, antibáyótíìkì mìíràn, mo rò pé gbogbo nǹkan péye. Inú bí mi débi pé mo jáde lọ rìn nínú òtútù.

Láàbù mìíràn fún mi ní ojúlówó. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí mo pò ó, mẹ́tàlélógójì hù. Ariwo tí mo pa, wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé wọn sójú Staphylococcus tí methicillin kò ràn mọ́, òrùka mímọ́ tó fẹ̀ tó mílímítà mọ́kànlá yí wọn ká. M1152 tí mo fi pSET152 òfìfo, plasmid tí kò ní ìdìpọ̀ jíìnì náà nínú, sí kò ní òrùka kankan. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe.

pSET152 òfìfo yẹn, ọjọ́ kìíní ló yẹ kí n ti lò ó. Bí òun náà ò bá wọlé, ẹ má fọwọ́ kan sóyà, ẹ má fọwọ́ kan omi, ìgò E. coli yín ni kí ẹ lọ bi léèrè. Kí ẹ sì máa fi chloramphenicol sí i nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń gbin ET12567, kódà bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Mi ò da ìgò àtijọ́ yẹn nù. Mo kọ "Èyí kì í ṣe ET12567" sí i lára pẹ̀lú ọjọ́, mo sì dá a padà sí fírísà. Lọ́sẹ̀ yìí, lítà márùn-ún ni mo ń gbìn, kí n lè yọ oògùn náà gan-an jáde, kí a sì wò ó bóyá kò ní pa sẹ́ẹ̀lì ènìyàn.