Bí A Ṣe Ń Yan Jangirọ́fà àti Àga Àsokọ́ Tí Kò Ní Já

Ẹ wá ibi tí ẹ máa so ó kọ́ sí kí ẹ tó lọ wo àga kankan lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é lódìkejì: wọ́n á rí àga tó wù wọ́n lórí fóònù, wọ́n á sanwó, àga á délé, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè máa wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí. Ibi tó bá kọ́kọ́ hàn sí wọn ni wọ́n á sì lò. Gbogbo èyí tí ojú mi ti rí tó já, ìjókòó kọ́ ló já. Òkè ni: ìkọ́, okùn, tàbí igi tí wọ́n gbé e kọ́. Nítorí náà, òkè ni màá pẹ́ sí jù.

Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan ni okùn ń gbé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Bó bá fì débi tí okùn ti yà ní 60 dígírì kúrò ní òró, ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ ló máa fa òkè nígbà tó bá sáré padà kọjá nísàlẹ̀. Bí okùn bá fì dé ìdábùú, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọ 30 kílò á di ẹrù 90 kílò, tàlọ tàbọ̀, ká má tíì ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa gùn ún nígbà tí ẹ ò bá sí nílé. Ìkọ́ tàbí ṣákù (òrùka irin tí wọ́n fi bóótì pa ẹnu rẹ̀ dé) tí wọn ò bá kọ iye kílò tó lè gbé sí lára, ẹ má rà á. Fún àga àgbàlagbà kan, èyí tó gbé 500 kílò ni kí ẹ wá.

Òkè inú ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àjà kì í ṣe òkè. POP ni o, PVC ni o, páálí ni o, igi tín-ín-rín 2 by 2 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí àjà nìkan ni wọ́n ṣe kàn án, ìṣó lásán ló sì dì í mú. Kápẹ́ńtà á rọ̀ mọ́ igi náà lójú yín, á ní, "Ẹ ò rí i pé ó gbé mi?" Ó gbé e lóòótọ́, fún ìṣẹ́jú kan. Àga tó ń fì lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ńṣe ni ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀, àjà á sì bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i, títí di ọjọ́ tó máa já. Bí kápẹ́ńtà bá ta kú, ẹ wá ẹlòmíì.

Bí dẹ́kìn bá wà lókè yín, ẹ mọ irú èyí tó jẹ́. Òmíràn, kọnkéré ni látòkè délẹ̀. Òmíràn, wọ́n to búlọ́ọ̀kù oníhò tàbí ìkòkò amọ̀ sí i láàárín kó lè fúyẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì kékeré gbẹ́ ẹ wò. Bí ẹnu dírílì bá ṣàdédé bọ́ sínú òfìfo, inú ihò búlọ́ọ̀kù lẹ wà, kò sí bóótì tó máa dúró níbẹ̀. Ẹ sún sí ibi tí kọnkéré ti ki. Bó bá kan irin, ẹ dúró, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Irin náà ló di ilé mú, ẹ má gé e nítorí àga.

Èyí tó dára jù lọ ni bóótì tó la dẹ́kìn já, tí irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ wà lórí rẹ̀ lókè. Bí ẹ bá ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ ní kí bíríkìlà fi sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó lẹ táìsì. Owó kékeré ni. Bí ilé bá ti parí, ẹ lo irin pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin pẹ̀lú ráwù bóótì 12 mílímítà mẹ́rin, ìyẹn bóótì tó máa ń fẹ̀ nínú ihò bí ẹ bá ti ń dì í. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò jáde dáadáa kí ẹ tó ki bóótì bọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe èyí, eruku tó bá sì kù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí bóótì di ògiri ihò mú. Kọnkéré tí kò tíì pé ọjọ́ 28, ẹ má gbẹ́ ẹ rárá. Fíṣà oníke tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri, ẹ fi í sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn kan máa ní kí ẹ da gọ́ọ̀mù epoxy sínú ihò, pé ó le ju bóótì lọ. Lára ògiri, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lókè, níbi tí ẹrù ti ń fà á sísàlẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ sá fún un. Nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2006, àjà kọnkéré ojú ọ̀nà kan tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá wó lu mọ́tò, ó sì pa obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé irú epoxy tí wọ́n fi lẹ bóótì mọ́ òkè ló ń fà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù títí bóótì fi yọ. Bí ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bá lè rí báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ike gọ́ọ̀mù tí a rà lẹ́bàá títì?

Òkè ìta

Igi máńgòrò dára bí ẹ̀ka rẹ̀ bá tutù, tó sì nípọn tó 20 sẹ̀ńtímítà. Ẹ má lo píà. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń dá lójijì. Ẹ̀ka tó bá ní olú lára tàbí tó dún gbọ̀-ọ̀n bí ẹ bá lù ú, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ibi tí ẹ máa so ó mọ́ jìnnà sí ìdí igi tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, kí ọmọ má baà fì lọ kọlu igi. Ẹ má wé okùn mọ́ ẹ̀ka ní ìwé-tún-wé, torí bí ẹ̀ka bá ń sanra, okùn á fún un lọ́rùn, igi á sì máa họ okùn. Bóótì olórùka kan tó la ẹ̀ka já kì í pa igi lára tó okùn tí wọ́n wé mọ́ ọn. Bí ẹ bá ta kú pé okùn ni ẹ fẹ́, ẹ gé rọ́bà inú táyà tó ti bẹ́, ẹ fi tẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀dà ló máa ṣe férémù, páìpù gálífá oní-ínṣì méjì tó nípọn ni kí ẹ rà fúnra yín, kí ẹ gbé e fún un. Gbogbo ibi tí iná bá ti kàn, gálífá ti jó kúrò níbẹ̀. Kí ó fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì nínú kọnkéré. Wẹ́ẹ̀dà fẹ́ràn láti jó òrùka irin mọ́ òpó, kí ó sì fi òrùka mìíràn kọ́ ọ. Irin méjèèjì á máa ra ara wọn títí wọ́n fi máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ìkọ́ tó ní bẹ́rìn nínú ni kí ẹ fún un. Jangirọ́fà méjì péré ni kí ẹ so mọ́ férémù kan, kí àyè tó wà láàárín wọn tó ínṣì 24, kí ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ férémù sì tó ínṣì 30.

Okùn àti ṣéènì

Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ mọ́tò kò wọ́n, òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́ jù lábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá fọwọ́ rà á, tí ó bu ìyẹ̀fun sí yín lọ́wọ́, ó ti kú nìyẹn. Polyester ni kí ẹ béèrè, kó nípọn tó 12 mílímítà. Nylon lágbára, àmọ́ ó máa ń nà. Àga yín lè máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Ní ti ṣéènì, ìlànà EN 1176 tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fún ohun èlò ibi ìṣeré ọmọdé ní kí ojú ihò rẹ̀ má ju 8.6 mílímítà lọ, kí ìka ọmọ má baà há. Ṣéènì bẹ́ẹ̀ ṣòroó rí lọ́jà wa. Ẹ gé rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, kí ẹ ki ṣéènì bọ inú rẹ̀ níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Ó tọ́jọ́, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé yín náà sì tó o. Bí ẹ bá lo ìkọ́ tó dà bí lẹ́tà S, ẹ fi pìláyà pa ẹnu rẹ̀ dé débi pé àyè ibẹ̀ kò ní tó mílímítà kan, torí aṣọ àti okùn fìlà ọmọ máa ń há sí i. Ẹ má fi okùn tí ẹnu rẹ̀ ń fì lásán sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó lè wé mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Ìjókòó fúnra rẹ̀

Fún ọmọdé, ẹ ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó lè ká. Pákó àti irin ò dáa, torí bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, ìjókòó á padà wá gbá a lórí. Táyà mọ́tò àtijọ́ ṣeé lò, ìyẹn bí kò bá ní wáyà irin nínú. Ọ̀pọ̀ táyà òde òní ló ní in, wáyà náà á sì yọ síta. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà dúró, kí ẹ̀fọn má sì yé sí i. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó fúnra rẹ̀, kò tíì yẹ kó gun ún.

Ní ti àga àsokọ́, pankẹ́rẹ́ ló wù mí jù. Àwọn tó ń hun ún pọ̀ ní Mende, Maryland, l'Ékòó, wọ́n á sì hun èyí tó bá ìwọ̀n yín mu. Inú ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà fún. Òjò máa ń bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ oníke tí irin wà nínú rẹ̀, ẹ gbé tìmùtìmù kúrò, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìpẹtà tí wọ́n kun ọ̀dà bò máa ń wú sókè díẹ̀, ẹ fi èékánná họ ọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni kí ẹ gbé e sí, kí àwọn ọmọ má sì fi í ṣe jangirọ́fà, torí ó lè dojú dé mọ́ wọn lórí.

Ilẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò

Ẹ má so jangirọ́fà sórí interlock tàbí sìmẹ́ǹtì. Yanrìn odò tó jìn tó ínṣì 9 ni kí ẹ dà síbẹ̀. Bí òkè bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí yanrìn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níwájú, kó sì tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ọmọ tó bá fò máa balẹ̀ sí. Erùpẹ̀ pupa ò dáa, ó máa ń le bí òjò bá ti tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ẹ so àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin mọ́ ọn, 200 kílò nìyẹn, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ bóótì kí ẹ tó so ó. Bí àmì bá yẹ̀ láàárọ̀, ẹ tú u, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gun àkàbà wo òkè lóṣooṣù àti lẹ́yìn ìjì. Okùn tó bá ti lo ọdún méjì lábẹ́ oòrùn, ì báà ṣì máa dán, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lọ so ti àwọn ọmọ tirẹ̀.