Bí a ṣe kó tẹlifíṣàn àti fóònù ilé wa sórí fáíbà

Òjò ló lé wa kúrò lórí díìṣì. Ní Akóbò níbí, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àwòrán á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ọ̀rọ̀ á máa já, kí òjò sì tó dá, ojú tẹlifíṣàn á ti ṣókùnkùn. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́, omi òjò ló máa ń fa ìgbì tó ń bọ̀ láti sátẹ́láìtì mu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Màámi? Láti ìgbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó wà ní Agodi, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959 ni wọ́n ti ń wo tẹlifíṣàn n'Ìbàdàn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ: "Ṣé òjò kì í rọ̀ nígbà ti Agodi ni?"

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan na waya fáíbà, ìyẹn okùn dígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, dé òpópónà wa, tí wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣàn àti fóònù ilé lè jọ gba inú ẹ̀ wọlé, mo ní kí wọ́n máa bọ̀. 50 Mbps la mú, ìyẹn mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka iye yẹn o, kì í ṣe báìtì. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, mẹ́gábáìtì 6 àti díẹ̀ ló máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tó wa. Fíìmù 4K pàápàá kì í sábà gbà ju 25 Mbps lọ.

Ọmọkùnrin méjì ló wá so ó. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ okùn dígí ni mo dúró tì. Okùn ọ̀hún tín-ín-rín bí irun orí. Ó bó awọ rẹ̀, ó fi sípírítì nù ún, ó gé orí ẹ̀, ó sì ń lẹ gbogbo ẹ̀ẹ́rún dígí tó já mọ́ téèpù dúdú kan. "Ẹ̀gbọ́n, bí ọ̀kan bá wọ ẹsẹ̀ ọmọdé, kò ṣeé rí yọ." Ìyẹn wú mi lórí.

Ibi tí wọ́n máa gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, sí la ti fẹ́ jà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí waya ti wọlé ni wọ́n fẹ́ kàn án mọ́, torí ibẹ̀ ló yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí dáa, ó máa ká gbogbo ilé."

"Àbúrò, àwa la máa gbénú ẹ̀. Ẹ gbé e wá sí pásééjì."

Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ilé wa. Oríṣi ìgbì wáyà-fáì méjì ló ń jáde lára mọ́dẹ́ẹ̀mù: 5 GHz yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè la irú ògiri bẹ́ẹ̀ bíi 2.4 GHz, àárín ilé ló sì lè tu gbogbo yàrá lára. Wọ́n ráhùn díẹ̀, mo san owó waya tó lé, wọ́n gbé e lọ. Mo kàn ní kí wọ́n rọra ní ìyànà: bí ẹ bá tẹ fáíbà jù, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ á jò dànù.

Mi ò fi tẹlifíṣàn lé wáyà-fáì lọ́wọ́. Waya ni mo fà dé ìdí ẹ̀. Òjò rọ̀ títí, àwòrán dúró digbí. Àbùkù kan ṣoṣo wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Wọ́n máa ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, tẹlifíṣàn á sì kọ́kọ́ kó díẹ̀ pamọ́ kó tó gbé e jáde. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù máa ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará ilé kejì tó ṣì wà lórí díìṣì á ti pariwo "góòlù!", tiwa ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láàárín pápá. Àwọn ọmọ mi ti ń pa fèrèsé dé báyìí kí wọ́n tó jókòó.

Fóònù ni Màámi fẹ́ràn jù, torí ó ń dún ketekete. Àfi ìgbà tí NEPA mú iná lọ níbi tí wọ́n ti ń bá àbúrò wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ já mọ́ wọn lẹ́nu. Fóònù ilé ti NITEL àtijọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Waya bàbà máa ń gbé iná vólítì 48 bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wọn, àdúgbò lè ṣókùnkùn kí fóònù ṣì máa dún. Dígí kì í gbé iná mànàmáná. Ara mọ́dẹ́ẹ̀mù inú ilé ni fóònù ti ń jẹun, bí iná bá lọ, àwọn méjèèjì ti kú nìyẹn.

Mo lọ sí Dùgbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ta ínfátà ńlá fún mi, mo rẹ́rìn-ín: ohun tí kò jẹ ju wáàtì 18 lọ! UPS kékeré oní 12 V, bátìrì tó ń gbé iná fún mọ́dẹ́ẹ̀mù bí iná bá lọ, ni mo rà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà mọ́dẹ́ẹ̀mù yín. Tiwa jẹ́ 12 V, 1.5 A, bí UPS ò bá tó bẹ́ẹ̀, mọ́dẹ́ẹ̀mù á máa kú, á máa jí. Tiwa ń gbé wa di ìgbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀.

Kò sí bátìrì tó lè gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ṣá. Wọ́n ti gé okùn náà rí. Íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣàn, fóònù, gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù ọwọ́ la fi pe ilé-iṣẹ́. Mo ti fi máákà kọ nọ́ńbà oníbàárà wa sára ògiri pásééjì báyìí, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ẹ wo iná tí wọ́n kọ LOS sí lára mọ́dẹ́ẹ̀mù, bóyá ó ń ṣẹ́jú pupa, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ò wọlé mọ́.