Bí mo ṣe wádìí ohun tí àkèré orí òkè ń jẹ

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni àkèré ń rí jẹ lórí òkè gíga, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí kòkòrò pọ̀? Mo kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àkèré orí òkè ló ń tán lọ.

Fífọ àpòlúkù, ìyẹn fífi omi lé oúnjẹ inú rẹ̀ jáde, ni ọ̀nà tí mo lò, kì í pa wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń mú wọn, nígbà tí wọ́n bá ti jáde wá ṣọdẹ. Bí mo bá ní sùúrù, mo máa ń rí i bí wọ́n ṣe ń jẹun. Bí àkèré bá ti fi ahọ́n gbé kòkòrò, ojú rẹ̀ méjèèjì á rì wọnú orí, ojú yẹn ló ń bá a ti oúnjẹ sí ọ̀fun.

Ìbọ̀wọ́ tuntun ni mo máa ń wọ̀ fún àkèré kọ̀ọ̀kan, torí àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní chytrid lè ti ara ọ̀kan ran èkejì. Èyí kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Màá fi ike pẹlẹbẹ la ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́, màá ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dé àpòlúkù, màá wá fi síríǹjì rọ omi odò ibẹ̀ gan-an sí i. Oúnjẹ á bá omi jáde sórí asẹ́. Lẹ́yìn tí mo bá wọn fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, màá dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Orí èèrà, ẹsẹ̀ aláǹtakùn àti ìyẹ́ kòkòrò ẹlẹ́yìn líle ni mo rí jù. Ṣùgbọ́n ohun líle ló máa ń pẹ́ kó tó dà. Ìdin rírọ̀ kì í pẹ́ pòórá. Nítorí náà, mo tún ri ife mọ́lẹ̀ létí omi kí kòkòrò tó ń kọjá lè jìn sínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ife jọ ohun tó wà nínú àpòlúkù: ohunkóhun tó bá mira, tí ẹnu rẹ̀ sì gbà, ni àkèré ń gbé mì.

Mo fi àwọ̀n wo inú adágún pẹ̀lú, torí ẹja lè bá àkèré du oúnjẹ. Ní òkè Sierra Nevada ní Kalifóníà, wọ́n kó ẹja trout sínú àwọn adágún tí kò lẹ́ja rí. Ẹja náà jẹ ọmọ àkèré, ó sì tún jẹ àwọn kòkòrò inú omi kí wọ́n tó hu ìyẹ́ jáde sétí omi tí àgbà àkèré ti ń dọdẹ wọn. Níbi tí wọ́n ti kó ẹja kúrò, àkèré tún ń pọ̀ sí i.