Bí A Ṣe Ń Fa Èròjà Tó Lè Bá Jẹjẹrẹ Jà Jáde Lára Ewúro

Ewúro ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, kò ṣòroó rí, àwọn tó ṣáájú wa sì ti tọpa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1969, Kupchan, onímọ̀ kẹ́míkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa vernodalin àti vernomygdin, èròjà méjì tí wọ́n fà jáde lára ewé yìí, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ àyẹ̀wò. Nínú abọ́ ni mo wí o. Èèpo igi tí taxol, oògùn jẹjẹrẹ kan, ti jáde, 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ bó o ní Amẹ́ríkà, ó di 1992 kí ìjọba ibẹ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí dókítà máa fi tọ́jú èèyàn. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe àgbo. Ẹ má mu ún, ẹ má sì fún aláìsàn kankan mu. Inú láàbù ni ẹ ó ti ṣe é pẹ̀lú, kì í ṣe ní kíṣìnnì.

Ẹ já ewé tútù tó tó kílò 3. Tó bá gbẹ, yóò ṣẹ́ kù sí nǹkan bí ìlàjì kílò. Ẹ má ra ewúro tí wọ́n ti fọ̀ lọ́jà. Àwọn èròjà tí à ń wá wà lára ohun tó mú ewúro korò, ẹni tó bá ti fún ìkorò yẹn dànù ti da iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ kàn fi omi ṣàn án kí eruku kúrò. Kí ẹ tó kúrò nídìí igi, ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan tó ní òdòdó, kí ẹ gbé e lọ sí Forest Herbarium Ibadan, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí fún ìdámọ̀, nínú ọgbà FRIN (ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó) ní Jẹ́ríkò, kí wọ́n bá yín dá a mọ̀, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Vernonia amygdalina ni a fẹ́; Vernonia colorata jọ ọ́ débi pé ojú lásán lè ṣì í.

Inú ibòòji ni kí ẹ sá a sí, kó má nípọn, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Nígbà tó bá ń rún wómúwómú lọ́wọ́, ó ti gbẹ. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata, nítorí ata àti ẹ̀wà àná ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ wọn. Blender kékeré tó jẹ́ ti iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ń lò, mo sì máa ń sinmi láàárín kó má baà gbóná.

Ìyẹ̀fun ewé 500 g, ethanol lítà 2.5. Ethanol (irú ọtí tó wà nínú ògógóró) oní-95% ni kí ẹ lò. Àwọn kan ń lo methanol torí pé owó rẹ̀ dín. Májèlé ni, ó ń fọ́ni lójú, ó sì lè so mọ́ àwọn èròjà yìí kó sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Àwọn mìíràn ń lo ògógóró. Omi inú ògógóró ti pọ̀ jù, omi yẹn ni yóò sì dá yín lóró tó bá yá. Inú ìgò gíláàsì ńlá ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, kì í ṣe ike. Ìgò tí wọ́n ti ta súìtì tán nínú rẹ̀ dára tó bá jẹ́ gíláàsì. Ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Kó lo ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa mì í láàárọ̀ àti lálẹ́. Aṣọ tuntun, irú èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà òwú nínú àrọ, kó tó wá kan pépà Whatman No. 1. Ẹni tó bá kọjú sí pépà tààrà yóò dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ da ethanol tuntun sí eèrí rẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ la dé yìí: lílé ethanol kúrò.

Dígírì 78 ni ethanol ń hó. Ohun tí mo ń rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á da omi ewé rẹ̀ sínú bíkà, á gbé e lé orí hotplate, á lọ jẹun. Nígbà tó bá fi dé, ìsàlẹ̀ bíkà ti dúdú, gbogbo yàrá ń rùn. Yóò ha á, yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò, sẹ́ẹ̀lì kankan ò ní kú, yóò sì kọ ọ́ pé ewúro kò ṣiṣẹ́. Ewúro kọ́ ni kò ṣiṣẹ́, iná ló ti jẹ ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí, torí ẹlòmíràn á kà á, kò sì ní fọwọ́ kan ewé náà mọ́. Ká má tiẹ̀ sọ pé ethanol ń gbiná, ó sì ti sun láàbù rí.

Rotavap, ẹ̀rọ tó ń yí ìgò po nínú omi gbígbóná, ni kí ẹ lò. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú ìgò jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dín, ethanol á máa hó láìgbóná. Tó bá wálẹ̀ dé 100 mbar (mbar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), nǹkan bí dígírì 29 ni yóò ti máa hó. Ẹ gbé omi ìsàlẹ̀ sí dígírì 40, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ní 60 kò burú, ẹ má dá a lóhùn. Omi tó ń yí gíláàsì òkè ká gbọ́dọ̀ tutù dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ethanol á gba inú pọ́ǹpù lọ. Ẹ̀rọ tó ń mú omi yẹn tutù wọ́n. Yìnyín nínú kúlà, pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n fi ń yí omi ẹja ká, ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ má bu omi ewé kọjá ìlàjì ìgò. Ẹni tó bá ti fọ ewúro ọbẹ̀ rí mọ ìfófó tó máa ń yọ. Nínú rotavap, ìfófó yẹn á dìde lójijì, á gun ọrùn ìgò, á sì dà sínú ìgò kejì tí ethanol mímọ́ wà. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fa afẹ́fẹ́: 300, 200, 150, kí ọwọ́ yín má kúrò lára kọ́ọ̀kì tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ìfófó bá sún mọ́ ọrùn, ẹ ṣí i díẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dúró tì í. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ gbé ìgò kúrò nínú omi gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ṣí kọ́ọ̀kì náà. Ẹ má dúró de jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó bá ki bí oyin, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Omi díẹ̀ tó kù ló máa ń dán ènìyàn wò láti fi iná kún iná. Ẹ má gbà. Ẹ dà á sínú àwo pẹlẹbẹ tí ẹ ti wọ̀n lófìfo, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Èyí tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ yóò bu, kódà nínú fíríìjì. Ẹni tí kò bá ní rotavap, kó lọ bẹ ẹ̀ka mìíràn. Bí kò bá rí, kó da gbogbo rẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, kó ní sùúrù.

Èyí tó kù kò le. Ẹ fi methanol díẹ̀ àti omi tú u (kò ní pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rù ibẹ̀ kò tó ti rírẹ), kí ẹ kọ́kọ́ fi hexane fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ethyl acetate. Inú ethyl acetate ni àwọn oníkorò wọ̀nyí máa ń lọ jù. Bí ìpele méjèèjì bá kọ̀ tí wọn ò pínyà, ẹ da omi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àyẹ̀wò. Ọmọ edé Artemia ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn tó ń sin ọmọ ẹja ń rà á, kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Èyí tó bá pa wọ́n níwọ̀n kékeré ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tí kò ní jẹjẹrẹ pẹ̀lú, torí ohun tó bá pa méjèèjì bákan náà, májèlé lásán ni. Kí wọ́n sì ya abọ́ kan sọ́tọ̀ tí DMSO, ohun olómi tí wọ́n fi tú u, nìkan wà nínú rẹ̀.