Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Tí Mo Fi Tọ́jú Ajá Mi Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún

Kò tó ọjọ́ kan tí dókítà ẹranko fi parí iṣẹ́ abẹ Kòṣeémánìí, ajá wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni èmi àti ìyàwó mi fi ṣe èyí tó kù nílé wa ní Kubwa, ní Àbújá. Ewúrẹ́ ló ń lé tí ó fi ṣẹ́rí padà lójijì, tí ó sì figbe ta. Iṣan tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun nínú orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún ti já, bí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá sì já, kì í so padà fúnra rẹ̀. Okùn ọ̀rá líle ni dókítà fi di oríkèé náà mú láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ó là á yé wa pé okùn náà kò ní gbé e ró títí láé: ẹran líle tí yóò hù yí orúnkún náà ká ni yóò gbé e ró, àfi kí ajá sinmi kí ẹran náà tó lè hù dáadáa.

Igun pálọ̀ ni a fi ṣe ibùgbé rẹ̀. Táìlì máa ń yọ̀, nítorí náà a tẹ́ ẹní sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bí ó bá fẹ́ lọ tọ̀, ọ̀já tí ìyàwó mi fi pọn ọmọ wa ni mo máa ń gbà sábẹ́ ikùn rẹ̀, tí mo sì máa ń di etí ọ̀já náà méjèèjì mú sókè kí ìwúwo ara rẹ̀ má bàa bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń fi omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín, tí mo wé sínú aṣọ, lé orúnkún náà fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nínú ooru oṣù kẹta tí iná kì í dúró, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń rí yìnyín náà. Ike tó rí bí àrọ, tí kì í jẹ́ kí ajá lá ojú ọgbẹ́, kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí dókítà fi tú okùn ojú ọgbẹ́ ní ọjọ́ kejìlá.

Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣáà fún un nínú oògùn ara ríro tí ẹ̀yin náà ń lò." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò fún un. Ibuprofen tí ènìyàn ń lò lè dá egbò sí inú ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Èyí tí dókítà kọ fún un nìkan ló ń lò, lẹ́yìn oúnjẹ. Bákan náà ni a dín tùwó rẹ̀ kù, nítorí ajá tí kì í sáré máa ń tètè sanra, orúnkún ni yóò sì ru ìsanra náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló le jù, nítorí ìgbà náà ni ara rẹ̀ yá, tí ó sì rò pé òun ti sàn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo tú okùn ọrùn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àsìkò náà gan-an ni mẹ́rúwà ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ wọlé, ni Kòṣeémánìí bá sáré gba ẹnu géètì jáde. Ó padà wá ní títiro, orúnkún náà sì wú. Dókítà fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé okùn inú rẹ̀ kò já, ṣùgbọ́n a tún bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí gidigidi, nítorí èmi ni mo fà á.

Lẹ́yìn èyí, n kò kánjú mọ́. Màá fi táwẹ́lì tí mo rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé orúnkún náà, lẹ́yìn náà màá ká ẹsẹ̀ náà, màá sì tún nà án jẹ́jẹ́ nígbà 10, bí ó bá sì yíjú wò mí pé ó dun òun, màá dáwọ́ dúró. Ìrìn ìṣẹ́jú 5 ni a fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, a sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrìn náà gbọ́dọ̀ falẹ̀, torí bí ajá bá yára, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi rìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ilẹ̀ lọ dé ìkóríta wa, ó sì padà láìtiro. A kò tíì ká ẹní kúrò nílẹ̀, nítorí ajá tí iṣan orúnkún kan bá já, ti ẹsẹ̀ kejì sábà máa ń já pẹ̀lú.